Kò sí ẹnu fèrè tó jẹ́ oògùn ohùn òkè

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fọn trumpet. Mouthpiece 7C tó bá a wá nínú àpótí ni mo ṣì ń lò. Mo máa ń dé G tó wà lókè ìlà karùn-ún, ṣùgbọ́n tí a bá ti fọn tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ètè mi á kú, G náà á kọ̀, màá wá máa ti fèrè mọ́ ẹnu kó tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa ní 7C ti ọmọ iléèwé ni, pé kí n ra 7E tàbí èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ “high note” sí lára, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan màá dé C òkè. Ẹlòmíràn ní ètè mi nípọn, kí n wá èyí tó fẹ̀ jù lọ. Èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Má tíì ra nǹkan kan. Ẹnu fèrè, ìyẹn mouthpiece tí ò ń wí yìí, kọ́ ló dá ọ dúró síbi tí o wà. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ibi tí ìṣòro wà nínú ìbéèrè rẹ: o ní ètè rẹ máa ń kú, o sì ní o máa ń ti fèrè mọ́ ẹnu. Títì yẹn ló ń pa ètè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí kò yéé wọlé, àwọn kan sì ń fi ìdáhùn èké gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè, nítorí náà n ó sọ ọ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 7C kúrò nílẹ̀. Nọ́ńbà ara ẹnu fèrè kì í ṣe kíláàsì tí èèyàn ń gbà kọjá. Ìwọ̀n ni. Lọ́dọ̀ Vincent Bach, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹnu fèrè ní New York lọ́dún 1918, nọ́ńbà ń sọ bí ẹnu ife, ìyẹn kòtò inú ẹnu fèrè, ṣe fẹ̀ tó, lẹ́tà sì ń sọ bí ife náà ṣe jìn tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ẹnu ife ń fẹ̀ tó: 10½C jẹ́ mílímítà 15.9, 7C jẹ́ 16.2, 5C jẹ́ 16.25, 3C jẹ́ 16.3, 1½C sì jẹ́ 17. Lẹ́tà A ló jìn jù, C wà láàárín, E àti F ni kò jìn rárá. Wò ó dáadáa: láti 7C dé 3C, ìdámẹ́wàá mílímítà kan péré ló wà níbẹ̀, ìnípọn bébà ìkọ̀wé kan. Ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn rò pé àwọn ti bọ́ sórí nǹkan mìíràn nígbà tí wọ́n bá gbé 3C sẹ́nu ni bí etí rẹ̀, ìyẹn òbìrìkìtì tí ètè ń kàn, ṣe rí, nítorí pé igun inú etí 7C mú díẹ̀. Kì í ṣe pé 3C dàgbà ju 7C lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ dunjú wà tí 7C ni wọ́n fi ń ṣe é títí di òní.

Má sì fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wé ti òmíràn. Lọ́dọ̀ Yamaha àti Schilke, ńṣe ni nọ́ńbà ńlá ń túmọ̀ sí fífẹ̀. Lọ́dọ̀ Denis Wick, nọ́ńbà kékeré ló fẹ̀, bíi ti Bach. Kódà mílímítà pàápàá ń tan èèyàn jẹ: Yamaha kọ 16.46 sí 11B4 tirẹ̀, síbẹ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà á bíi 7C ni, nítorí pé ibi tí oníkálukú ti ń wọn ìdábùú nínú ife kò dọ́gba. Ètè rẹ nìkan ló lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá síbí nìyí: ṣé ife tí kò jìn máa ń bí ohùn òkè? Kì í bí i.

Ètè ló ń dá ohùn sílẹ̀. Ẹnu fèrè kì í gbọ̀n, ètè ló ń gbọ̀n. Lórí trumpet B♭, tí o bá fọn C àárín, èyí tó wà ní àlàfo kẹta, ètè rẹ ń ṣí, ó sì ń pa dé ní ìgbà 466 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní G tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó di bíi 698. Ní C òkè tí wọ́n ṣèlérí fún ọ, ó di 932. Ronú sí i. Kí ẹran ara tó ń gbọ̀n ní 466 tó lè gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, àárín ètè gbọ́dọ̀ le díẹ̀ sí i, ihò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá láàárín ètè gbọ́dọ̀ kéré sí i, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ yára sí i, ahọ́n sì gbọ́dọ̀ gbéra sókè lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn kúrò lórí “à” bọ́ sórí “í”. Iṣan ni gbogbo èyí. Kò sí èyí tí wọ́n ń tà nínú wọn.

Irọ́ tó dùn jù ni èyí tí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà n ó sọ òtítọ́ ibẹ̀. Mú ẹnu fèrè rẹ lọ́wọ́ kan, fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá a létí. Ó máa dún “pọ́”. Tí o bá rí èyí tí ife rẹ̀ kò jìn, gbá òun náà. “Pọ́” tirẹ̀ máa ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ inú ife kékeré máa ń ṣe àtìlẹ́yìn fún ohùn tó wà lókè ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fọn ipa àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ jazz ńlá, tó jẹ́ pé òkè ni wọ́n ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, fi máa ń lò ó. Ohùn wọn á mú, á la àárín ìlù àti gìtá kọjá, wọn ò sì ní tètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí 7E kọ́ ní C òkè nínú wọn. Wọ́n ti ní C yẹn lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Ife tí kò jìn ń dín wàhálà ohùn tó ti wà kù ni. Kì í dá èyí tí kò sí. 7E tí ọ̀rẹ́ rẹ dárúkọ yìí, piccolo trumpet, ìyẹn trumpet kékeré, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ń fi í fọn.

Wá gbọ́ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ á di tín-ín-rín, wọn ò ní lára mọ́. Ohùn fèrè lápapọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, òkè á sì ga ju ìsàlẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí o bá fa tuning slide (ọ̀pá tí wọ́n ń fà láti tún gíga ohùn ṣe) jáde kí C òkè lè bára mu, C ìsàlẹ̀ á ti rẹlẹ̀ jù. Àwọn tí ẹ jọ ń fọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìwọ alára lè má gbọ́.

Èyí tó burú jù fún ìwọ gan-an nìyí. Bí èèyàn bá ti ń fọn fún ìgbà díẹ̀, ètè máa ń wú, á sì máa yọ sínú ife. Tí o bá tún wá ń ti fèrè mọ́ ẹnu, o ń fi ọwọ́ ara rẹ rọ ètè sínú ife ni. Nínú ife C, àyè ṣì wà fún un. Nínú ife E, ètè á kan ìsàlẹ̀ ife. Ètè tó bá kan irin kò lè gbọ̀n mọ́. Ohùn á kàn gé bìrí, atẹ́gùn nìkan ni yóò máa jáde fùùù. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní àárín orin, láì ṣèkìlọ̀. Ìwọ tí ètè rẹ ń kú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí 7C, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn á tún dín kù lórí 7E.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Nítorí bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni. Èèyàn á dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, ètè rẹ̀ ò tíì ṣiṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, á gbé èyí tuntun sẹ́nu, á fọn ohùn òkè mẹ́ta tó le, tó pariwo, á sì gbé e sílẹ̀. Ètè tí kò tíì rẹ̀ kò tíì wú, kò tíì kan ìdí ife. Ohùn tó mú létí máa ń dún bí ohùn tó ga, pàápàá létí ẹni tó ń fọn ọ́. Ó sanwó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á padà síbi tó wà, á sì lọ wá òmíràn. Àpótí á kún fún ẹnu fèrè, G ò ní kúrò lójú kan. Ẹni tó bá kọ “high note” sára irin tó sì ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń tà. Inú ń bí mi sí i, nítorí pé ọmọ tó ra á tí kò ṣiṣẹ́ fún máa ń rò pé òun ni kò lẹ́bùn.

Dán èyí wò lọ́la, kí o tó fọn ohunkóhun tó le. Lẹ́yìn tí o bá ti fọn ohùn jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fa ọmọ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ kúrò nínú ìkọ́ tí wọ́n ṣe sórí fèrè fún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà fa fèrè mọ́ ẹnu. Wá fọn G yẹn ní ohùn kékeré, ka ení dé ẹ̀jọ lórí rẹ̀. Tí ó bá jáde jẹ́jẹ́, tìẹ ni. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí o bá pariwo tí o sì tì í nìkan ló ń jáde, G kò tíì di tìẹ, kò sì sí ẹnu fèrè tó máa sọ ọ́ di tìẹ.

Ohun tó máa sọ ọ́ di tìẹ nìyí. Lójoojúmọ́, má tẹ bọ́tìnnì kankan, fọn G ìsàlẹ̀ (ìlà kejì), yọ́ lọ sí C àárín, padà sí G, láì fi ahọ́n gé e. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì 2, lẹ́yìn náà 1, 1 àti 2, 2 àti 3, 1 àti 3, títí dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nígbà tí ìyẹn bá ti ń ṣàn, fi E lé e, kí o máa yọ́ láti C dé E. G òkè ló kẹ́yìn. Ohùn kékeré ni kí o fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí o bá fọn fún ìṣẹ́jú kan, sinmi ìṣẹ́jú kan. Pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, dípò kí o fi wákàtí kan gbáko jẹ ètè rẹ run. Tí ètè bá ti ń kú, gbé fèrè sílẹ̀. Ẹni tó ń fọn lórí ètè tó ti kú ń kọ́ ara rẹ̀ ní títì ni. Má fi kún gíga rẹ̀ ju ìdajì ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, àfi tí èyí tó wà lọ́wọ́ bá ti jáde wọ́ọ́rọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀.

Àti ti ètè tó nípọn: ìnípọn ètè kì í sọ ìwọ̀n ẹnu fèrè. Àwọn tí ètè wọn nípọn wà lórí ẹnu fèrè kékeré, àwọn tí ètè wọn tín-ín-rín sì wà lórí èyí tó fẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ètè ṣe ń ká nígbà tí o bá di ẹnu, àti bí eyín ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ètè tó nípọn lè béèrè ni pé kí ife má ṣe aláìjìn, kí ètè má baà kan ìdí rẹ̀. Ìyẹn tún ta ko 7E tí wọ́n ní kí o rà.

Nígbà wo ló wá yẹ kí èèyàn pààrọ̀? Ìdí pọ̀ tó bójú mu. Tí igun inú etí bá ń gé ọ lẹ́tè bó o tilẹ̀ ń fọn láì tì í. Tí etí bá ṣẹ́ tàbí tí ó ní kòtò. Tí fàdákà bá ti ṣí kúrò lára rẹ̀ tí idẹ pupa sì ti yọ síbi tí ètè ń kàn. Tí o bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ ohùn tó wúwo, tó ṣókùnkùn, tí tìẹ sì ń mú jù láàárín wọn. Tí ohùn fèrè bá ń ga jù nígbà gbogbo bí tuning slide tilẹ̀ ti jáde dáadáa. Tí o bá ra irú fèrè mìíràn. Tàbí tí awọ ètè bá ń yún ọ, tó ń pọ́n ní òbìrìkìtì tó bá etí ẹnu fèrè mu: ó lè jẹ́ pé ara rẹ kò gba nickel tàbí idẹ. Fún ìyẹn, dáwọ́ fífọn dúró, jẹ́ kí dókítà awọ ara wò ó. Èèyàn lè wá bọ́ sórí èyí tí wọ́n fi wúrà bò tàbí èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ ike. Èmi kì í ṣe dókítà. Bákan náà, tí ètè bá kú tí kò jí lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tàbí tí eyín bá ń mì, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu fèrè.

Kí o tó sì pààrọ̀ rárá, fọ èyí tí o ní. Mi ò fi ṣeré. Ìdọ̀tí inú ọ̀fun ẹnu fèrè máa ń dí atẹ́gùn, èèyàn á sì máa rò pé fèrè ti bàjẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ṣe fún un, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Má se èyí tó jẹ́ ike nínú omi.

Bí ìdí bá wà láti yan òmíràn, etí ni kí o kọ́kọ́ yàn. Etí nìkan ni ètè ń bá sọ̀rọ̀. Etí tó fẹ̀ ń tan ìwúwo káàkiri, ó ń tù èèyàn lára, ṣùgbọ́n ètè kì í lè tètè rìn lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà yíyọ́ láti ohùn kan sí òmíràn á nira díẹ̀. Etí tó tín-ín-rín ń jẹ́ kí ètè rìn, ó sì ń gé ẹni tó bá ń tì í. Igun inú tó mú ń jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn yọ kedere. Igun tó rọ̀ ń tuni lára, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ohùn lè ṣe bíi pé ó lọ́ra. Nígbà tí o bá ti rí etí tó bá ọ mu, má fi í sílẹ̀ mọ́. Tí o bá fẹ́ yí ohùn padà lọ́jọ́ iwájú, yí ìjìn ife nìkan, jẹ́ kí etí dúró. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe etí tí a lè tú kúrò lórí ife nítorí èyí gan-an. Ẹni tó bá yí etí, ife àti ọ̀fun padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó tún un ṣe àti èyí tó bà á jẹ́.

Ọ̀fun ni ihò tó wà nísàlẹ̀ ife. Ti Bach sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n irin ìlu nọ́ńbà 27, ìyẹn mílímítà 3.66. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba atẹ́gùn púpọ̀, ó sì ń tètè múni rẹ̀. Èyí tó kéré ń di ohùn pa nígbà tí èèyàn bá fẹ́ fọn ọ́n le. Má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ lu ọ̀fun ẹnu fèrè rẹ kó tóbi. Ohun tí wọ́n bá gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà. Lẹ́yìn ọ̀fun ni backbore wà, ọ̀nà tó ń fẹ̀ lọ dé ìparí ìdí. Fi í sílẹ̀ bí ẹni tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀. Wúrà àti fàdákà kò yí ohùn padà débi tí olùgbọ́ yóò fi mọ̀. Wúrà kàn máa ń yọ̀ díẹ̀ sí i lábẹ́ ètè ni, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan kò fẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò rárá ni shank, ìdí tó ń wọnú fèrè. Bí ìdí yìí kò bá jókòó dáadáa, ẹnu fèrè tó dára jù lọ láyé á dún bí ohun tó bàjẹ́. Ti trumpet yẹ kó wọlé ní nǹkan bíi mílímítà 25. Tì í wọlé jẹ́jẹ́, yí i díẹ̀, wá gbìyànjú láti mì í sọ́tùn-ún sósì. Tí ó bá ń mì, kò bá a mu. Lórí ọ̀pọ̀ trumpet, àlàfo kékeré tún wà nínú lọ́hùn-ún láàárín ìparí ìdí ẹnu fèrè àti ibi tí ọ̀pá fèrè ti bẹ̀rẹ̀, bíi mílímítà 3. Bí o ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí: ki igi tín-ín-rín kan wọ ihò tó ń gba ẹnu fèrè títí yóò fi kan etí ọ̀pá inú, fi pẹ́ńsù sàmì sí i lẹ́nu ihò. Lẹ́yìn náà, ti ẹnu fèrè wọlé, sàmì síbi tó dé lára ìdí rẹ̀, fà á yọ, wọn ohun tó wọlé. Yọ ìyẹn kúrò nínú ti igi. Tí àlàfo bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tí kò bá sí rárá, ohùn lè máa yọ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó jókòó sí, pàápàá lókè. Ó lè jẹ́ ohun tó ń ṣe àwọn míì nìyí, tí wọ́n sì ń dá ètè wọn lẹ́bi. Rí i dájú pẹ̀lú pé ìparí ìdí náà ṣe róbótó, pé kò tẹ̀: ẹnu fèrè tó ti já bọ́ máa ń tẹ̀ níbẹ̀. Onímọ̀ àtúnṣe fèrè ní irin tó fi ń nà án padà. Tí ẹnu fèrè bá há, má fi ẹ̀mú tàbí òòlù kàn án. Irin àfifà kan wà tí wọ́n ṣe fún un, gbé e lọ fún ẹni tó ní in. Má sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé, torí bó ṣe ń há gan-an nìyẹn.

Nígbà tí o bá ń dán wọn wò, gbé fèrè tìẹ dání àti ẹnu fèrè tí o ń lò báyìí. Fọn tìẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Má dán ju mẹ́ta wò lọ́jọ́ kan, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn ètè kì í mọ̀yàtọ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè. Fọn C ìsàlẹ̀ ní ohùn tó kéré jù tí o lè fọn: ṣé ó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àbí atẹ́gùn ló ṣáájú? Wá fọn C mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí o bá lè dé wọn, tàbí méjì, níwájú tuner (ohun tó ń wọn gíga ohùn) orí fóònù, láì wo ojú rẹ̀ kí ohùn tó dúró. Wò ó bóyá wọ́n bára mu. Fọn E tó wà ní àlàfo kẹrin, tó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀dá rẹ̀ lórí trumpet. Tí ó bá rẹlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, fura. D ìsàlẹ̀ àti C♯ máa ń ga lórí gbogbo trumpet, má torí ìyẹn dá ẹnu fèrè lẹ́bi, slide bọ́tìnnì kẹta ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, fọn orin tí ẹ ń fọn nínú ẹgbẹ́ gan-an. Jẹ́ kí ẹnìkan dúró ní ìwọ̀n mítà mẹ́wàá kó kẹ̀yìn sí ọ, kó sọ èyí tó dùn jù láì mọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ. Ohun tó bá sọ ṣe pàtàkì ju ohun tí o gbọ́ lẹ́yìn fèrè lọ. Tí òǹtajà bá gbà kí o mú un lọ kí o sì lè dá a padà, fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó, kí o sì pinnu lórí ètè tó ti rẹ̀, kì í ṣe lórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, má máa lọ, má máa bọ̀ láàárín ti àtijọ́ àti tuntun.

Èyí tí ẹlòmíràn ti lò kò burú. Fọ̀ ọ́ bí mo ṣe wí, nù ún pẹ̀lú ọtí spirit, ṣan án, fi èékánná yí etí rẹ̀ ká láti wá kòtò tí ojú kò rí. Tí fàdákà rẹ̀ bá ti ṣí, fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin onítrombone àti oníeuphonium, ọ̀rọ̀ ìjìn ife kò yàtọ̀ fún yín, ọ̀rọ̀ ìdí ni kí ẹ ṣọ́. Ìdí kékeré àti ìdí ńlá wà fún trombone, èyí tó ńlá kò lè wọnú fèrè kékeré láéláé, èyí tó kékeré sì nílò àfikún kó tó lè jókòó nínú ńlá. 12C ló sábà máa ń bá trombone akẹ́kọ̀ọ́ wá, 6½AL sì ni ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní ìdí méjèèjì, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Euphonium ní ìwọ̀n ìdí mẹ́ta, ẹ gbé fèrè yín lọ. Onícornet kò gbọdọ̀ ra ti trumpet: kò ní wọlé tó. Ti cornet nínú trumpet sì máa wọlé jù, á tún máa mì.

Ìwọ tó béèrè, dúró sórí 7C. Fi oṣù mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ètè tí mo kọ sókè yìí, kí o sì wá olùkọ́ tó lè jókòó síwájú rẹ wo bí o ṣe ń di ẹnu, torí mi ò lè rí ìyẹn láti ibi tí mo wà. Tí oṣù mẹ́ta bá pé tí G ti ń jáde jẹ́jẹ́, tí igun inú etí 7C sì ń dà ọ́ láàmú síbẹ̀, dán 5C àti 3C wò bí mo ṣe ṣàlàyé. Méjèèjì ní ife C, etí nìkan lo máa fi wéra. Èyí tí wọ́n kọ “high note” sí, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.